Màmá Ẹ-Gbọ́ àti Ẹ̀rọ Omi Iyọ̀

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, ilé kan náà la sì jọ ń gbé, ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ni àwa náà ń pè wọ́n: Màmá Ẹ-Gbọ́. Àwọn ni wọ́n máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ti káńsù, èyí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì dúró lórí rẹ̀ bí etí ehoro. Ohun tó bá yẹ kí ará ìlú mọ̀, àwọn ló ń kéde rẹ̀. Tí omi ò bá ní í yọ lọ́la, ẹnu wọn la ti máa gbọ́. Tí ọmọ bá sọnù, ẹnu wọn ni. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìpàdé àwọn òbí, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ dí nítorí àtúnṣe, ẹnu wọn náà ni.

Nínú ilé, Màmá Ẹ-Gbọ́ kì í pariwo rárá. Ohùn wọn kéré débi pé màmá mi sábà máa ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú ọkọ̀ káńsù lẹ ń fi ohùn yín sílẹ̀ sí ni?"

Màmá Ẹ-Gbọ́ á ní, "Ti ìjọba ni ohùn yẹn. Mi ò gbọdọ̀ máa lò ó nílé."

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí àlejò kì í tètè mọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ ìkéde. Tí wọ́n bá ti sọ pé "Ẹ gbọ́ o" tán, wọ́n lè wá sọ pé, "Ohun tí wọ́n rán mi nìyí." Ìyẹn ni pé ẹnì kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn kò tíì fojú kàn án. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ pé, "Ohun tí mo rí nìyí," a jẹ́ pé wọ́n ti dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá ní páìpù bẹ́, wọ́n ti dúró létí kòtò náà, bàtà wọn sì ti rin gbingbin. Tí wọ́n bá ní ọmọ sọnù, wọ́n ti jókòó ti ìyá ọmọ náà, wọ́n ti bi í ní àwọ̀ aṣọ tí ọmọ wọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí eyín rẹ̀ ti yọ.

Gbogbo ìlú ló mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Tó bá jẹ́ "ohun tí wọ́n rán mi," àwọn èèyàn á jẹun tán kí wọ́n tó dìde. Tó bá jẹ́ "ohun tí mo rí," wọ́n á fi ṣíbí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà kan, wọ́n kéde pé àwọn rí i tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà ń yẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kó tó di ọ̀sán, afárá náà wó sínú odò, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Bàbá tó ń wa ọkọ̀ ìkéde náà ni a ń pè ní Bàbá Rọra, nítorí bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Màmá Ẹ-Gbọ́ máa ń sọ pé àwọn èèyàn á ti gbọ́ ìkéde, wọ́n á tún ti gbàgbé rẹ̀, kí ọkọ̀ náà tó dé igun kejì. Bàbá Rọra á dáhùn pé, "Ṣé kí n sáré, kí ọ̀rọ̀ ẹnu yín máa já sílẹ̀ lọ́nà ni?"

Báyìí ni iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, títí ìbò fi sún mọ́lé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi iyọ̀ sì dé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó kàwé nípa iná mànàmáná. Bọ̀dá Oníyọ̀ ni àwọn ọmọdé ń pè é, nítorí pé gbogbo ìgbà ló máa ń ra iyọ̀. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, ó máa ń ki irin pẹlẹbẹ bọnú ike omi iyọ̀, á so wáyà mọ́ wọn, iná á sì jáde níbẹ̀. Iná gidi ni. Àmọ́ bí iná náà ṣe lè pọ̀ tó, àti bó ṣe lè pẹ́ tó, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Òun náà kò sì sọ pé òun mọ̀.

Kánsẹ́lọ̀ wa gbọ́ nípa rẹ̀. Kò pẹ́ tí àpótí ńlá aláwọ̀ búlúù kan fi dé, tí wọ́n kó gbogbo ike náà sínú rẹ̀, tí wọ́n sì lẹ àwòrán Kánsẹ́lọ̀ mọ́ ọn lára, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n wá pe gbogbo ará ìlú sí pápá ilé ìwé wa kí a wá wò ó.

Kánsẹ́lọ̀ fúnra wọn ló bu iyọ̀ sí i, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ níwájú àlejò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Iyọ̀ lásán! Omi lásán! Ta ni kò ní iyọ̀ nílé?"

"Kò sí!"

"Ta ni kò ní omi nílé?"

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àwa tí ẹ ò tíì bá tún páìpù ṣe ni!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Kánsẹ́lọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára ní kí Bọ̀dá Oníyọ̀ tan iná. Gílóòbù tí wọ́n so mọ́ okùn tàn, láti ìkínní títí dé ìkẹyìn. Ariwo ta. Èmi náà pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má tíì dé etí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Ẹ-Gbọ́ kéde rẹ̀: "Ẹ gbọ́ o. Ohun tí mo rí nìyí. Lónìí, ní pápá ilé ìwé, wọ́n da omi iyọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, gílóòbù sì tàn." Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, wọn ò fi kún un, wọn ò sì yọ kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Màmá Ẹ-Gbọ́ ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí a gbọ́ ohùn wọn lójú pópó. Mo wo ẹnu wọn. Ẹnu wọn kò mì. Ohùn náà sì ń bọ̀: "Ohun tí mo rí nìyí... wọ́n da omi iyọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, gílóòbù sì tàn." Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ọkùnrin kan gbà á: "Iná tí kì í tán ti dé! Ilé ìwòsàn wa ni yóò kọ́kọ́ jẹ̀gbádùn rẹ̀! Ó dìgbóṣe, jẹnẹrétọ̀!"

Mọ́tò Kánsẹ́lọ̀ ni. Wọ́n ti gba ohùn Màmá Ẹ-Gbọ́ sílẹ̀, wọ́n gé e síbi tó wù wọ́n, wọ́n sì so tiwọn mọ́ ọn nídìí.

Màmá Ẹ-Gbọ́ dìde, ìfófòó ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgúnpá. Wọ́n bi mí léèrè bíi pé èmi ni mo máa mọ̀: "Èmi nìyẹn?"

Agbẹ̀bí ni màmá mi ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n máa gbé àpótí búlúù náà wá síwájú ilé ìwòsàn. Kánsẹ́lọ̀ máa ní kí àwọn èèyàn pariwo pé "A gbà." Bí wọ́n bá ti pariwo bẹ́ẹ̀, lọ́rì máa gbé jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn lọ lójú gbogbo wọn, sí àdúgbò mìíràn tí Kánsẹ́lọ̀ ti ṣèlérí rẹ̀ fún.

"Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ń gbé fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára," ni màmá mi wí. "Òun ló ń tanná sí mi lójú tí mo bá ń gbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa fọwọ́ wá ọmọ nínú òkùnkùn ni?"

"Àwọn èèyàn ò ní í gbà."

"Wọn ò ní í gbà kẹ̀? Gbogbo ìyá tó gbé ọmọ wá gbàbẹ́rẹ́ lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. 'Ṣebí Màmá Ẹ-Gbọ́ ti rí i.'"

Màmá Ẹ-Gbọ́ jókòó sórí àpótí ìdáná. Ohùn wọn tún kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbé jẹnẹrétọ̀ lọ," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí yàrá Bọ̀dá Oníyọ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Irin pẹlẹbẹ kún orí tábìlì rẹ̀. Àwọn tuntun ń dán. Àwọn tó ti lò ti di ihò jálajàla, bíi bisikíìtì tí eku ti jẹ lára rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Màmá Ẹ-Gbọ́ bi í, "tó bá tàn, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó kú?"

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn irin tó ti di ihò náà, ó ń yí i po lọ́wọ́. "Màmá, omi iyọ̀ yẹn ń jẹ irin ni. Irin ló ń tán, kì í ṣe iyọ̀. Èyí tó pẹ́ jù, ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan. Gílóòbù nìkan nìyẹn o."

"Fìríìjì ńkọ́?"

"Mi ò tíì fi gbé fìríìjì rí."

"O sọ fún Kánsẹ́lọ̀?"

"Mo sọ. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, kí ìbò kọ́kọ́ kọjá ná, a ó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀." Ó gbé irin náà sílẹ̀. "Màmá, tí mo bá sọ ọ́ níta, wọ́n á ní irọ́ ni mo ti ń pa bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé..."

"Kò tíì dàgbà."

Bọ̀dá Oníyọ̀ gbójú sókè, bí ẹni pé wọ́n ti bá a rí ọ̀rọ̀ tó ti ń wá tipẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kò tíì dàgbà."

"Wọ́n sì ti gbé e wọ bàtà eré ìje," ni Màmá Ẹ-Gbọ́ wí. Bọ̀dá Oníyọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa.

Láti ibẹ̀, Màmá Ẹ-Gbọ́ lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Wọ́n ti bẹ Kánsẹ́lọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ọjọ́ kan ṣáá ṣọ́ ẹ̀rọ náà kí Sátidé tó dé. Kánsẹ́lọ̀ ní kò sí àyè. Wọ́n ní Màmá Ẹ-Gbọ́ ló máa gba máìkì lọ́jọ́ náà tí wọ́n á sì ní kí àwọn èèyàn pariwo, nítorí ohùn wọn ni ìlú fẹ́ gbọ́. Wọ́n wá fi kún un pé káńsù ló ni ọkọ̀, káńsù ló ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti pé àwọn mọ̀ pé Màmá ò ní í gbàgbé ìyẹn.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?" ni màmá mi bi wọ́n.

"Màá lọ. Wọ́n rán mi níṣẹ́, màá jẹ́ ẹ."

Inú bí màmá mi. Wọ́n ń gé búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà náà, èyí tí wọ́n sì gé fún ẹ̀gbọ́n wọn nípọn bíi bíríkì.

Nígbà tó di Sátidé, èrò kún iwájú ilé ìwòsàn dé ẹnu ọ̀nà. Àga oníke wà fún àwọn èèyàn pàtàkì, àwa yòókù dúró. Lọ́rì ti fi ìdí rẹ̀ kọjú sí wa, jẹnẹrétọ̀ ti wà lórí rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì sì ń fi okùn dè é. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n ká apá mọ́yà. Kánsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀ títí, wọ́n nu ojú, wọ́n sì gbé máìkì fún Màmá Ẹ-Gbọ́.

"Ẹ gbọ́ o," ni wọ́n wí.

Gbogbo wa dákẹ́.

"Ohun tí wọ́n rán mi nìyí."

Ìdákẹ́jẹ́ náà yí padà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju pé àwọn tó ti fẹsẹ̀ kan síwájú fà á padà. Màmá Ẹ-Gbọ́ ń jẹ́ iṣẹ́ náà lọ, ketekete, wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan: "Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí yóò máa tanná sí ilé ìwòsàn tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní kò ní í kú. Wọ́n ní kí ẹ pariwo pé 'A gbà,' kí lọ́rì lè gbé jẹnẹrétọ̀ lọ."

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "A..." lẹ́yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbé èyí tó kù mì.

Ìlú ńlá ni Kánsẹ́lọ̀ ti wá dupò nígbà ìbò tó kọjá. Àti pé nígbà tí ìkéde bá ń lọ lójú pópó, inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí Màmá Ẹ-Gbọ́, wọ́n gbàgbé pé máìkì ṣì ń gbé ohùn.

"Màmá, kì í ṣe èyí. Èyí tí ẹ sọ níjọ́sí ni kí ẹ sọ."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé òdìkejì títì. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Kánsẹ́lọ̀," ni Màmá Ẹ-Gbọ́ dáhùn, "ìyẹn, àfi tí mo bá rí i."

Ìyá kan tó pọnmọ sẹ́yìn nawọ́ sókè. "Màmá, ṣebí ẹ rí i níjọ́sí?"

"Gílóòbù ni mo rí níjọ́sí, ọmọ mi. Ìyókù tí ẹ gbọ́, ẹnu mi kọ́ ló ti jáde."

"Háà!"

"Mo sọ fún ẹ, àbí mi ò sọ fún ẹ?" ni ẹnì kan wí láàárín èrò.

"Ìwọ wo ló sọ fún mi? Ta ló ń jó tẹ̀ lé mọ́tò wọn?"

Kánsẹ́lọ̀ gba máìkì padà. "Ẹ̀yin èèyàn mi, àbí ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Bàbá Rọra yọrí láti inú ọkọ̀ ìkéde. "A gbà yín gbọ́, Kánsẹ́lọ̀! A kàn fẹ́ jókòó wò ó díẹ̀ ni. Kò sí ibi tí à ń sáré lọ."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sáré, Bàbá Rọra!" ni ẹnì kan pariwo, ẹ̀rín sì tún sọ.

Bọ̀dá Oníyọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí búlúù láti àárọ̀. Màmá Ẹ-Gbọ́ yíjú sí i, wọ́n sì bi í ní ohùn wọn tí a mọ̀ nílé, èyí tó kéré: "Ọmọ mi, ṣé ká jókòó?"

Ó rìn wá síwájú, ó sì na ọwọ́ sí Kánsẹ́lọ̀ fún máìkì. Kánsẹ́lọ̀ gbé e fún un. "Ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan," ló sọ. "Èyí tó tíì pẹ́ jù nìyẹn. Ó ń jẹ irin rẹ̀ tán ni. Mi ò tíì fi gbé fìríìjì rí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ wò ó."

A sì jókòó. Màmá mi ní kí wọ́n gbé fìríìjì kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi omi mímu sí jáde, kò kan ti abẹ́rẹ́. Àwọn kan sáré lọ gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé. Bọ̀dá Oníyọ̀ so wáyà mọ́ gílóòbù àti fìríìjì náà. Nígbà tí fìríìjì náà gbọ̀n tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ariwo tó ta ju ti pápá ilé ìwé lọ, bẹ́ẹ̀ kò sì sẹ́ni tó ní kí a pariwo.

Kò tó ìdajì wákàtí. Gílóòbù pọ́n, ó ṣókùnkùn. Fìríìjì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

Bọ̀dá Oníyọ̀ ń wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì di ojú mi. Àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ó mà gbìyànjú o," ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Nínú iyọ̀! Ṣé o rí i?" Àtẹ́wọ́ náà sì ràn ká.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó wà lórí lọ́rì pe Kánsẹ́lọ̀. "Ọ̀gá, ṣé ká tú okùn yìí?"

Kánsẹ́lọ̀ wo èrò, wọ́n wo àwòrán ara wọn tó ń rẹ́rìn-ín lára àpótí. "Ẹ tú u," ni wọ́n wí. Màmá mi tú apá wọn ká, wọ́n sì wọlé lọ bá iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàì ní ẹ̀yìn. Káńsù gba máìkì lọ́wọ́ Màmá Ẹ-Gbọ́, wọ́n gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn gan-an. "Ohun tí mo rí nìyí" lòun fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìkéde, ìbáà jẹ́ ohun tí kò tíì sún mọ́ rí. Láàárín ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń fi ṣíbí sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ń wá. "Màmá, wọ́n ní omi ò ní í yọ lọ́la, ṣé lóòótọ́ ni?" Màmá Ẹ-Gbọ́ á wọ bàtà, wọ́n á lọ wò ó, wọ́n á padà wá sọ. Màmá mi ní kí káńsù kúkú wá máa bá wa san owó ilé.

Nígbà tí ìpàdé káńsù méjì tẹ̀ léra wọn láìsí ẹni tó wá, ọkọ̀ ìkéde padà dé ẹnu ọ̀nà wa lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. A ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tipẹ́ kó tó yọ sí wa. "Káńsù ní kí ẹ padà. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ jàre," ni Bàbá Rọra wí. "Ọmọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń bú mi."

Kánsẹ́lọ̀ tún wọlé ìbò. Mo fẹ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, nítorí pé wọ́n tún páìpù ṣe kí ìbò tó dé. Màmá Ẹ-Gbọ́ lọ dúró létí kòtò, bàtà wọn rin, wọ́n sì kéde fún gbogbo ìlú pé ohun tí àwọn rí ni pé omi ń yọ.

Bọ̀dá Oníyọ̀ kò padà sídìí àpótí búlúù mọ́. Ó bẹ Màmá Ẹ-Gbọ́ pé kí wọ́n máa wá wo ẹ̀rọ òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n sì máa kéde ohunkóhun tí wọ́n bá rí, ìbáà dára, ìbáà má dára. Nígbà mìíràn, wọ́n á kéde pé kò tàn rárá. Nígbà mìíràn, pé ó fi díẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Bọ̀dá Oníyọ̀ ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pààrọ̀ irin láìpa iná. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń gbé fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé kó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn aboyún ń rìn jáde rìn wọlé, omi iyọ̀ ti ń tanná síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ kó sinmi. Màmá mi ní iná náà tutù lójú.

Ní Sátidé tó kọjá, ooru mú gan-an lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wa bí ọkọ̀ náà ṣe ń rọra bọ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Ohun tí mo rí nìyí. Gílóòbù mẹ́ta tàn ní ilé ìwòsàn fún wákàtí mẹ́rin. Ọmọ wa ní ó tó márùn-ún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi sí mẹ́rin."

Mo gbọ́ tí ẹ̀rín ń ti ilé dé ilé lójú pópó wa. Àwọn aládùúgbò wa sì ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ wọn wà nílé. Wọ́n ń bá ara wọn ṣàdéhùn ẹni tó máa lọ jókòó ti Màmá Ẹ-Gbọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí oorun má tún gbé wọn lọ.